Ojú Bàámi

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti di kọ̀ńdọ̀. Kì í ṣe pé mo wá iṣẹ́ náà lọ. Kọ̀ńdọ̀ tó ń bá Bàámi ṣiṣẹ́ ló gbé owó odidi ọjọ́ kan sá lọ. Bàámi wo èmi tí mo nà gbalaja sórí àga lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní, "Làtí, ìwọ tí o ń kọ́ ìṣirò owó, dìde wá bá mi ka owó."

Danfo ni Bàámi ń wà, láti Ìyànà-Ìpájà sí Òṣòdì. Ó ti lé ní ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ìyá kan ní Agége ló ni ín, a sì gbọ́dọ̀ gbé 10,000 náírà lọ fún un lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ti Bàámi. Wọ́n kọ "Sùúrù Lérè" gàdàgbà sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Bàámi ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a; àwọn kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dá àwọn lójú pé onítọ̀hún kò wa danfo rí.

Láti kékeré ni mo ti ń rò pé mo mọ iṣẹ́ bàbá mi. Mi ò mọ nǹkan kan. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ti máa ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á máa fi tọ́ọ̀ṣì wo omi àti ọ́ìlì. Bí wọ́n bá ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹní ìkírun wọn wà ní kíká lẹ́yìn ìjókòó, gáréèjì ni wọ́n ti ń kí ìrun Àsùbá. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí a ó fi kó èrò àkọ́kọ́: méjì níwájú, mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìjókòó mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Kọ̀ńdọ̀ kò ní ìjókòó. Ẹnu ọ̀nà ni tirẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan nínú afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ kìíní, ohùn mi ti há kí agogo méjìlá tó lù. Bàámi fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní inú ikùn ni kí n ti máa fa ohùn, kì í ṣe ọ̀fun. Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. "Òṣòdì, Òṣòdì! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Dópẹ̀mú, Cement, Máńgòrò, Ilé-Zik, Ìkejà Along, PWD, Ṣógúnlẹ̀, Bọ́ládé: mo ń ké wọn lójú oorun. Bí èrò bá ní òun fẹ́ sọ̀, màá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Bàámi á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo rò pé èrò ni mò ń ké ibùdókọ̀ fún.

Ní ti owó, mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ọ́ sí, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé-ìwé nìyẹn. Mo ṣì ní ìwé náà. Ní ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹrin, a pa 31,500 náírà. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á ní olówó ni wá. Ẹ yọ 10,000 ìyá ọlọ́kọ̀ kúrò. Lítà epo kan jẹ́ 165 náírà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní iye tí ìjọba dá, a sì jó 40 lítà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyẹn 6,600. A jẹun, 1,700. A lẹ táyà, 900. Ó wá ku àwọn ọwọ́ tó ń yọ láti ojú fèrèsé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún náà, 800 náírà ni kí awakọ̀ máa san lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. A ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, Bàámi lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú gíláàsì. Títí ilẹ̀ fi ṣú, 6,300 ni àpapọ̀ ohun tí mo ti kà sí ọwọ́ kan àti òmíràn, tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ohun tó kù jẹ́ 6,000. Bàámi ka 2,000 fún mi gẹ́gẹ́ bí kọ̀ńdọ̀, wọ́n fi 4,000 sápò. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ni a fi wá a.

Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí awakọ̀ kì í fi í tètè lọ sílé. Owó àárọ̀ àti ọ̀sán, ti ọlọ́kọ̀, ti epo àti ti gáréèjì ni. Alẹ́ ni owó awakọ̀ wà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń dà bọ̀ láti Òṣòdì, tí owó ọkọ̀ sì ti gun òkè. Awakọ̀ tó bá lọ sílé nígbà tí oòrùn wọ̀ ti fi gbogbo ọjọ́ náà sin ẹlòmíràn.

Mi ò lè sọ ọjọ́ náà gan-an tí mo kọ́kọ́ fura. Bàámi máa ń bi mí pé, "Kí ni wọ́n kọ síwájú yẹn?" nígbà tí ohun tí wọ́n kọ bá tóbi tó ẹnu ọ̀nà ilé. Tí ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, wọ́n á fọwọ́ bo ojú kan, wọ́n á ṣépè fún onítọ̀hún pé iná rẹ̀ ti pọ̀ jù. Gbogbo ọkọ̀ ni iná rẹ̀ wá ń pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ràn láti máa tẹ̀lé iná pupa ẹ̀yìn danfo mìíràn. Kòtò Cement, wọ́n á ti yà fún un kí n tó rí i. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá fi tábìlì dí ọ̀nà ní gáréèjì, wọ́n á gbá a. Kòtò wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Tábìlì ò sí níbẹ̀ lánàá.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹjọ, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, títì ń dán. Láti ọdún 2020 tí BRT ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láàrin títì wa, èyí tó kù fún danfo ti há. A kó èrò kún láti Òṣòdì, a ń sún mọ́ Ilé-Zik, ni ọmọkùnrin kan tó ru omi inú ọ̀rá bá já lu títì láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà BRT. Ẹ̀wù dúdú ló wọ̀. Mo rí i. Mo ń retí kí Bàámi tẹ bíréèkì. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì ń retí. Lẹ́yìn náà ni mo gbá ara ọkọ̀, mo figbe ta: "Bàámi! Ènìyàn ni! Ènìyàn ni!"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ yọ̀, ó dúró. A ò gbá ọmọ náà. Jìnnìjìnnì ló dà á bolẹ̀, omi rẹ̀ sì bẹ́ káàkiri orí títì. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo gbé e dìde. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo kó 1,000 náírà lé e lọ́wọ́, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ pa á.

Nínú ọkọ̀, èébú ti ń rọ̀. "Wèrè! Àwọn tó ń fi párága fọnu!" Bàámi kì í mu párága. Àwọn mìíràn ń mu ún, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n orógbó ni Bàámi ń jẹ kí oorun má bàa kùn wọ́n. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Bíréèkì yìí tún ti fẹ́ àtúnṣe."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èmi fúnra mi gbé owó lọ fún mẹkáníìkì, tí mo dúró tì í títí ó fi pààrọ̀ bíréèkì. Bàámi mọ̀ pé mo mọ̀. Mo yíjú sí àwọn èrò, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bíréèkì ni."

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, mo di ojú wọn. A ò jọ sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, màá gbórí jáde, màá máa wí pé, "Kẹ̀kẹ́ wà lápá ọ̀tún o. Ìyá kan ń sọdá níwájú o." Bàámi á dáhùn pé, "Mo rí i." Ẹ̀yìn tí mo bá sọ ọ́ tán ni wọ́n máa ń rí i. Báyìí ni a ṣe lo oṣù Kẹsàn-án. Èrò mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá ni a ń kó, wọ́n ń sùn, wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ṣéńjì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé èmi tí mo rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ni mò ń wa ọkọ̀. Màá gba 2,000 mi. Màá sùn.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, àwọn olùkọ́ dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ń yọ̀ lórí fóònù. Èmi ń ro ti kọ̀ńdọ̀ tuntun tí yóò rọ́pò mi, ẹni tí kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kan náà, tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ó kan àwọn awakọ̀ Èkó láti da iṣẹ́ sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn ní gáréèjì ló ká wọn lára, wọ́n ní ọjọ́ méje làwọn ò ní jáde. Mi ò rántí ọjọ́ Ajé mìíràn tí mo rí Bàámi nílé ní ọ̀sán. Wọn ò mọ ibi tí wọn ó fi ara sí. Màámi bá gbé àwo ẹ̀wà fún wọn pé kí wọ́n bá òun ṣà á. Wọ́n ṣà á fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbé e padà. Màámi wò ó, ẹ̀rín pa wọ́n: "Bàbá Làtí, ṣé òkúta lẹ fẹ́ kí á jẹ ni?" Bàámi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀wà ṣíṣà kì í ṣe iṣẹ́ dẹ̀rẹ́bà.

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀lé Màámi lọ sídìí iná, mo sì sọ fún wọn. Mo rò pé wọn ó pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n bi mí pé, "Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù Kẹjọ, Màámi."

"O sì ń gba ẹgbẹ̀rún méjì lójoojúmọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàámi pè mí. Wọ́n ti jẹun tán. Wọ́n ní, "Ta ni yóò san owó ilé-ìwé rẹ?" Mi ò dáhùn. Wọ́n ní, "Mo mọ títì yẹn. Bí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, màá dé Òṣòdì."

Mo ní, "Bàámi, ẹ mọ títì. Ẹ ò lè mọ ẹni tó fẹ́ sọdá."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á dá ọkọ̀ padà. Ìyá ọlọ́kọ̀ gbà kí a máa mú 7,000 wá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2023, owó tuntun di ọ̀wọ́n, èrò ń wọkọ̀ láìsí bébà náírà lọ́wọ́. Ìparí oṣù Karùn-ún, epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480. Ìyá ọlọ́kọ̀ gba ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Mi ò dá a lẹ́bi púpọ̀. Òun náà ní àwọn tó ń bọ́.

Dókítà ní gíláàsì inú ẹyinjú Bàámi ló ti ṣú bàìbàì, ti ọ̀tún ló le jù, wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n fi òmíràn sí i. Àjọ Màámi ni a fi ṣe ojú ọ̀tún nínú oṣù Kejìlá. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, Bàámi wo yàrá náà yíká, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo Màámi. "Ìyá Làtí," wọ́n ní, "ṣé bí o ṣe hewú tó rèé?" Màámi fi gèlè bo orí.

Ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń wakọ̀ báyìí. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní gáréèjì máa ń gbé ọkọ̀ fún wọn fún wákàtí díẹ̀ bó bá fẹ́ sinmi. Ojú òsì ṣì ń dúró de owó.

Ní oṣù tó kọjá, mo wọ danfo ní Òṣòdì lálẹ́, iwájú ni mo jókòó sí. Ọkọ̀ ń sáré. Nígbà tí a kọjá Ìkejà Along, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Kẹ̀kẹ́ wà lápá ọ̀tún o."

Awakọ̀ náà wò mí. Kò lè jù mí lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo rí i. Ẹ jẹ́ n wa ọkọ̀ mi."

Mo ní kó má bínú. Mo dákẹ́ títí a fi dé Dópẹ̀mú, níbi tí ẹnì kan ti ń sọdá, mo sì gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lára ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.