Ẹ̀pà Tí Kò Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní Òkè-Ọ̀dàn, lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo máa ń bò wá lára lóko, a kì í sín. Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń sín ní oṣù kẹrin. Bí wọ́n bá jẹ ápù, ẹnu a máa yún wọn. Màmá wa ní iṣẹ́ ayé ni.

Dókítà ní igi birch ni. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ ní purotéènì kan, Bet v 1, tí ara ẹ̀gbọ́n wa kà sí ọ̀tá. Ápù ní èyí tó jọ ọ́. Ara ò dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀pà náà ní tiẹ̀.

Màmá wa sì ti di ẹ̀pà mọ́ gààrí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ ẹ̀pà, kí ẹ̀gbọ́n wa bi dókítà ná." Wọ́n ń kùn, wọ́n yọ ọ́.