Ọdún Tí Wọ́n Ń Nà Wá Ni Mo Kọ́ṣẹ́ Aṣọ́lé

Nígbà tí mo ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀tà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa gbá ìdíje mẹ́sàn-án lọ́dún kan. Wọ́n nà wá nínú méje, a ta ọ̀mì nínú ọ̀kan, a sì borí ẹyọ kan péré. Bọ́ọ̀lù mọ́kàndínlógún ló wọ àwọ̀n wa. Èmi ni aṣọ́lé. Ohun gbogbo tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, ọdún yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Lọ́wọ́ kan náà, mo ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rá kan ní Sàngó. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ ni mo fi ń ṣọ́lé. Pápá wa kò jìnnà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Kò ní koríko, iyanrìn ni, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í dá níbẹ̀. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n jẹ wá ní mẹ́rin sí òdo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ mí ní Ajádìí, nítorí agbọ̀n tó ti jádìí kì í gba nǹkan dúró.

Bàbá Kóòṣì, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ wa ní bọ́ọ̀lù, kò bú mi. Àwọn náà ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òṣìṣẹ́ nígbà èwe wọn. Wọ́n na ìwé kékeré kan sí mi, wọ́n ní, "Kọ bí ayò kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. N ò bi ọ́ pé ta ló jẹ̀bi o. Ibo ni bọ́ọ̀lù ti gbéra? Ibo lo dúró sí?"

Ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ ìbọ̀wọ́, kí n máa ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, kí n máa hán an. Àtàǹpàkò méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Bí àyè bá ṣẹ́ kù láàárín wọn, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa gbà. Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọ́dọ̀ le gan-an, kí agbára bọ́ọ̀lù lè kú sí wa lápá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ mi ní ìṣubú: itan ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, ìbàdí tẹ̀ lé e, èjìká ló kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìdíje kẹta, tí wọ́n jẹ wá ní márùn-ún, Bàbá Kóòṣì gbé okùn gígùn méjì wá sí pápá. Fífẹ̀ ilé bọ́ọ̀lù jẹ́ mítà 7.32, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 2.44. Bí mo bá na apá mi méjèèjì, kò ju mítà méjì lọ. Wọ́n so okùn kan mọ́ òpó ọ̀tún, wọ́n so èkejì mọ́ òpó òsì, wọ́n wá kó ìdí méjèèjì pọ̀ síbi tí bọ́ọ̀lù wà.

"Dúró sórí ìlà."

Mo dúró. Okùn jìnnà sí mi lọ́tùn-ún lósì.

"Ó yá, máa bọ̀."

Bí mo ṣe ń sún mọ́ bọ́ọ̀lù ni okùn ń sún mọ́ mi. Nígbà tó yá, mo na ọwọ́, mo sì kan méjèèjì.

"Ṣé o rí i báyìí? Ilé ò yí padà, ìwọ lo tóbi sí i lójú ẹni tó fẹ́ gbá a. Ṣùgbọ́n má jáde jù, kó má baà gbé e gba orí ẹ."

Ohùn ló ṣòroó kọ́ jù. Ojú mi ń rí ohun tí àwọn tó wà níwájú mi kò rí, ẹnu mi kò sì ṣí. Bàbá Kóòṣì ní kí n máa pariwo kí ariwo ọkọ̀ akẹ́rù má bo ohùn mi mọ́lẹ̀: "Tèmi ni!" "Ó wà lẹ́yìn ẹ!" Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kígbe kí ara mi tó gbà á.

Síbẹ̀, wọ́n nà wá nínú ìdíje kẹrin, wọ́n tún nà wá nínú ìkarùn-ún. Mo lọ bá Bàbá Kóòṣì nílé, mo ní, "Ẹ dákun, ẹ wá ẹlòmíràn." Wọ́n bi mí bóyá mo rántí June 12, 2010, ní Johannesburg. Argentina ló borí Nàìjíríà ní 1-0 nínú ife àgbáyé. Heinze ti Argentina fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú kẹfà. Ṣùgbọ́n Vincent Enyeama, tó dá Messi dúró léraléra, ni wọ́n mú pé ó gbá bọ́ọ̀lù jù lọ́jọ́ náà. "Ẹgbẹ́ ẹ̀ pàdánù," ni wọ́n wí, "iṣẹ́ ẹ̀ ò pàdánù. Lọ mú ìwé ẹ wá."

Nínú ìdíje mẹ́rin tó kù, ayò méjì péré ló wọlé. Síbẹ̀, àwa la gbẹ̀yìn lórí tábìlì.

Nígbà tí ọdún parí, a jókòó, a ka ìwé náà. Nínú ayò mọ́kàndínlógún, mẹ́jọ wọlé nítorí pé mo dúró sórí ìlà. Márùn-ún wọlé nítorí pé mo dákẹ́. Mẹ́rin jẹ́ èyí tí mo gbá padà sáàárín, sẹ́sẹ̀ ọ̀tá. Méjì nìkan ni kò sí aṣọ́lé tó lè mú wọn. Ká ní a borí ni, ta ni ì bá kọ wọ́n sílẹ̀?

Àwọn kan ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ wa ká lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n ń nà ṣì lè dìde. Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, nípìnlẹ̀ Ògùn wa yìí. Wọ́n já kúrò ní líìgì àgbà ní 2017, wọ́n tún já ní 2019. Ní 2025, àwọn ló gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, lábẹ́ kóòṣì ọmọ ilẹ̀ wa, Daniel Ogunmodede.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti alákòóso ilé-ẹ̀kọ́, bí wọ́n bá ń na àwọn ọmọ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má tú wọn ká. Ẹ fún wọn ní ìwé àti kálàmù, kí ẹ sì bi wọ́n bí ayò kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀.