Àwa Tí A Mú Táyé àti Kẹ́hìndé Rìn Pọ̀

Nígbà tí David Mills, àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti fi NTP kọ́ àwọn kọ̀ǹpútà láti ọdún 1985 bí wọn yóò ti máa bi ara wọn léèrè aago, jáde láyé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, tí tọmọdé-tàgbà nínú iṣẹ́ wa sì ń ròyìn oore rẹ̀, inú mi dùn, nítorí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni ó yẹ kí a yìn; ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ àwa tí ìjà aago tiwa kò sí láàárín kọ̀ǹpútà kan àti èkejì, bí kò ṣe láàárín core kan àti èkejì nínú ẹyọ processor kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ bí a ti ń parí ìjà náà, Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ọkùnrin tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, níwọ̀n ìgbà tí sáfà bá ń ṣòjòjò. Ní 2005, nígbà tí processor olórí méjì dé, tí gbogbo Ìkẹjà ń pariwo rẹ̀ fún títà, òun ni ó sọ core méjèèjì ní Táyé àti Kẹ́hìndé. TSC, òǹkà tí core fi ń ka àkókò nínú ara rẹ̀, ti wà láti ìgbà Pentium ní 1993, ṣùgbọ́n nígbà tí core jẹ́ ọ̀kan, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Ẹ̀jìrẹ́ ni ó dá ẹjọ́ sílẹ̀: lára Athlon 64 X2, bí Kẹ́hìndé kò bá ríṣẹ́ ṣe tí ó sì rọra sinmi kí iná má baà jó jù, òǹkà rẹ̀ a falẹ̀, ti Táyé a sì máa lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí AMD fúnra rẹ̀ fi gbé Dual-Core Optimizer jáde kí eré orí Windows má baà máa ṣe wéréwéré. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà. Ní báǹkì kan tí a ń bá tọ́jú sáfà nígbà náà, ìwé àkọsílẹ̀ wí pé owó ti jáde kí oníbàárà tó béèrè fún un, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò sì dojú kọ wá, bí ẹni pé àwa ni a kó o.

Ọ̀gá mi kò bá wọn jiyàn. Inú floppy kan tí ó fi rọ́bà wé ni ó tọ́jú ètò kékeré kan sí, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi C kọ: yóò de ìdajì iṣẹ́ náà mọ́ Táyé, yóò de ìdajì mọ́ Kẹ́hìndé, yóò ní kí wọ́n máa ju òǹkà síra wọn, kí ẹni tí ó bá gbà á wò ó bóyá ohun tí ó ti kọjá lọ́dọ̀ ẹnìkejì kò tíì dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Bí kò bá tíì dé, àṣírí tú. Nígbà tí a kó lọ sí ọ́fíìsì tuntun, àwọn tí ó palẹ̀ ẹrù mọ́ da floppy náà sí ààtàn pẹ̀lú ìwé gbígbó, n kò sì tíì dárí jì wọ́n títí di òní. Linux ti ń fúnra rẹ̀ ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń jí, a sì kọ "Marking TSC unstable" sójú rẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ ìwòyí rò pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ó ti wà bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2008 mú Core i7 wá, tí TSC rẹ̀ kì í falẹ̀, tí kì í sì í dúró bí core tilẹ̀ sùn fọnfọn. Ọ̀gá mi papò dà. BIOS oríṣiríṣi dé, wọ́n sì lọ. Èyí tí ó dùn mí jù ni sáfà orí cloud, tí n kò lè fojú rí, tí n kò lè fọwọ́ bà, tí wọ́n lè gbé láti orí irin kan sí òmíràn lóru láìbi mí, tí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ yóò sì wí fún mi pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a pa á, kí a tún tàn án." Ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́?

Wọ́n sì ń sọ ọ́ káàkiri pé èmi ni mo mú kí sáfà báǹkì náà lọ́ra, nítorí pé acpi_pm ni mo fi ṣe aago rẹ̀ dípò TSC, àní lẹ́yìn 2008. Òtítọ́ ni pé òǹkà tí ń ka 3,579,545 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kò lè bá TSC tí ń ka bílíọ̀nù du ìje, kíkà á sì ń pẹ́ ju kíka TSC lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n aago kan ṣoṣo ni, ìta core ni ó sì wà, ojú kan náà ni Táyé àti Kẹ́hìndé ń wò. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, owó kan kò tún jáde ṣáájú ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó yọ ọ́ lẹ́yìn mi, tí ó fi tsc rọ́pò rẹ̀, òun ni wọ́n fi joyè ọ̀gá. Bí wọ́n bá tún gbé sáfà náà fún mi lónìí, acpi_pm náà ni n óò kọ sí i, kí ẹni tí ń kánjú lọ ra òmíràn.