Kóòṣì la ó kọ́kọ́ wá ni, àbí ẹni tí yóò wá kóòṣì?

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, mo mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Manchester United níbí, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn ará Arsenal á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ti Chelsea á gbè é, àwa tí ọ̀rọ̀ kàn á wá máa bínú. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ṣe ẹgbẹ́ ńlá yẹn ló ń ṣe ẹgbẹ́ àdúgbò wa náà, àfi pé owó tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ: bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù bá ń ṣubú, ta ni ká kọ́kọ́ gbà síṣẹ́? Ṣé kóòṣì ni, àbí olórí tí yóò máa darí ẹgbẹ́?

Èmi ní tèmi, olórí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, nítorí Manchester United náà sọ pé ohun táwọn ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọdún 2013 bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni Alex Ferguson fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún tó lé ní 26. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ni pé David Gill, ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ náà, fi ipò sílẹ̀ ní àsìkò kan náà. Bàálé ilé lọ, ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ náà lọ. Ed Woodward ló bọ́ sí ipò Gill. Ọmọ báńkì ni, ọ̀rọ̀ owó ló mọ̀ dunjú. Ferguson fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí David Moyes pé kó rọ́pò òun. Wọ́n fún Moyes ní àdéhùn ọdún mẹ́fà, kò sì lo oṣù mẹ́wàá pé tí wọ́n fi lé e lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2014.

Lẹ́yìn rẹ̀, Van Gaal dé, Mourinho dé, Solskjær dé, Ten Hag dé. Kò sí méjì nínú wọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù bákan náà. Oníkálùkù ra agbábọ́ọ̀lù tó wù ú, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, bí aṣọ tí wọ́n gé mọ́ ẹlòmíràn lára. Oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan tí kì í sì í ṣe kóòṣì, irú ẹni tí àwa tó ń gbọ́ Faransé ń pè ní directeur sportif.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe gan-an. Ilé tí à ń kọ́ ni mo máa ń fi ṣàlàyé fún wọn. Kóòṣì ni bíríkìlà. Bí ẹ bá pe bíríkìlà mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kálukú ń ya àwòrán tirẹ̀ sórí iyanrìn, ẹ ó rí ilé tó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta tí kò ní fèrèsé kan. Ẹni tó ń di àwòrán ilé mú, tó mọ iye yàrá tí a fẹ́ àti iye owó tó wà nílẹ̀, òun ni mò ń sọ. Bí bíríkìlà bá lọ, àwòrán kò bá a lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Jim Ratcliffe ra ìpín tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba Omar Berrada láti Manchester City kó wá ṣe ọ̀gá àgbà, Dan Ashworth láti Newcastle kó wá ṣe directeur sportif, Jason Wilcox náà wá láti Southampton. Inú wa dùn. A ní wọ́n ti kọ́kọ́ wá olórí, ọ̀nà ti là.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka ọjọ́. Ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ten Hag na Manchester City 2-1, ó gba FA Cup, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò kẹjọ ló parí sí nínú líìgì. Inú oṣù kẹfà ni wọ́n pinnu pé kó máa bá iṣẹ́ lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ àwọn kóòṣì mìíràn wò. Ọjọ́ 1 oṣù keje ni Ashworth tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú oṣù keje náà ni Berrada jókòó sórí àga rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù keje ni wọ́n fi ọdún kan kún àdéhùn Ten Hag.

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n pe àwọn olórí lóòótọ́, àmọ́ ọbẹ̀ ti jinná kí àwọn alásè tó dé. Wọ́n gbé e fún wọn pé kí wọ́n bù ú fún àlejò.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, wọ́n lé Ten Hag. Lílé òun àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ná wọn ní mílíọ̀nù 10.4 pọ́n-ùn. Wọ́n san mílíọ̀nù 11 yúrò fún Sporting ti Lisbon kí wọ́n tó lè gba Ruben Amorim. Ní oṣù kejìlá, Ashworth náà lọ, lẹ́yìn oṣù márùn-ún péré, ìyẹn tún gba mílíọ̀nù 4.1 pọ́n-ùn. Amorim ń fi ẹni mẹ́ta dúró sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tó bá nílẹ̀, ẹlẹ́ni mẹ́rin ni wọ́n rà wọ́n fún. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n parí sí lọ́dún náà, pẹ̀lú àmì 42, Tottenham sì fi 1-0 gba ife Europa League mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Bilbao. Mo wo eré yẹn dé òpin. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2026, Amorim sọ fún àwọn oníròyìn pé manija lòun wá ṣe, kì í ṣe kóòṣì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iṣẹ́ bọ́. Ní èdè tiwa níbí, kóòṣì ni gbogbo wọn, a ò pín in sí méjì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín in. Manija ń yan agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n máa rà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé ibi gbogbo nínú ẹgbẹ́. Kóòṣì ń kọ́ àwọn tí wọ́n bá kó fún un. Ọdún kan ó lé tí ọkùnrin náà ti wà níbẹ̀, ìyẹn kò tíì yé òun àti àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n parí kó tó fọwọ́ sí ìwé ni.

Ẹ wá wo Liverpool, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ United, ẹ má sá. Ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2024 ni Klopp kéde pé òun ń lọ. Ariwo ta: ta ni yóò rọ́pò rẹ̀? Àwọn onílé kò dárúkọ kóòṣì kankan. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ Michael Edwards, tó ti fi wọ́n sílẹ̀ ní 2022, kó padà wá ṣe olórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún wọn. Oṣù kẹta ló gbà. Wọ́n mú Richard Hughes láti Bournemouth kó wá ṣe directeur sportif. Àwọn yẹn ló wá jókòó, wọ́n yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nílé wò, wọ́n sì wá kóòṣì tí irú bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá wọn mu. Arne Slot ti Feyenoord ni wọ́n rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rà tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́dún náà, Federico Chiesa. Ó ku eré mẹ́rin kí líìgì parí tí wọ́n fi na Tottenham 5-1, tí wọ́n sì gba ife. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n náwó gan-an, wọ́n sì jẹ ìyà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní oògùn ni. Mò ń sọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ni.

Bọ̀rọ̀kìnní kan ládùúgbò wa ti dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ferguson ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló gbé gbogbo ẹgbẹ́ ró?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 1986 ni Ferguson dé, ọdún 1990 ló tó gba ife àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta àbọ̀ láìgba nǹkan kan, táwọn èrò ń pariwo pé kó máa lọ. Martin Edwards tó jẹ́ alága nígbà náà ni kò lé e. Bí ẹ bá gbé Ferguson fún alága tí àyà rẹ̀ ń já, kò sí Ferguson tí à ń sọ.

Mo ti dé ilé báyìí. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Kétu, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Kóòṣì mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Èkíní lọ nítorí pé oṣù méjì kọjá láìsan owó rẹ̀. Èkejì bá àwọn bàbá jà, nítorí kálukú fẹ́ kí ọmọ òun wà nínú àwọn mọ́kànlá. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí ọkùnrin náà mọṣẹ́. A lọ gbá eré kan tó ṣe pàtàkì, a débẹ̀, wọ́n ní mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa kò ní lisánsì tó péye. Kò sẹ́ni tó lọ tún un ṣe, nítorí kò sẹ́ni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n nà wá. Kóòṣì ni wọ́n lé.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ ọdún 17, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Kóòṣì àkọ́kọ́ fi í sí ẹ̀gbẹ́, èkejì fi í sẹ́yìn, ẹ̀kẹta ní àárín ló yẹ ẹ́. Kò wá mọ́ báyìí. Zém ló ń gùn lọ́nà Ìlárá. Nígbà tí mo rí i, ó ní, "Bọ̀dá, bí ẹ bá ti mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi mí sí, ẹ pè mí."

Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń ṣòwò ní Kútọnu ti ní òun yóò máa san owó oṣù kóòṣì fún ọdún kan gbáko. Ọlọ́run yóò bù sí i fún un. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la ó ṣèpàdé lé e lórí, mo sì ti ń gbọ́ pé ó ti ní ẹnì kan lọ́kàn tó fẹ́ kí a gbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀ ni pé ká bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká fi owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa darí ẹgbẹ́. Kò pọn dandan kó ti gbá bọ́ọ̀lù rí. Àwọn ìyá tó ń gba àjọ lọ́jà Kétu mọ iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ wa lọ: wọ́n mọ ẹni tó jẹ, wọ́n mọ ẹni tó san, wọn kì í gbàgbé ọjọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mójú tó lisánsì, ọkọ̀ àti owó oṣù, kó sọ fún àwọn bàbá pé ọmọ wọn kò tíì tó gbangba, kí òun gan-an sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń yan kóòṣì. Bí ẹni tí ọ̀gá wa ní lọ́kàn bá yege lójú rẹ̀, kó wọlé. Bí kò bá yege, kí ọ̀gá má bínú.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní owó kóòṣì ni ọkùnrin náà fẹ́ fún wa, kì í ṣe owó akọ̀wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ ní Sákété, ní Ìfàngnì, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ta ló ń tọ́jú lisánsì àwọn ọmọ tiyín, báwo lẹ sì ṣe ń sanwó fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi kó tó di Sátidé.