Ọwọ́ Ta Ni Ẹrù Wà?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ nídìí iṣẹ́ yìí ni "Ibo ló dé?" Ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ ìyálọ́jà, ì báà jẹ́ àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ fi oògùn ránṣẹ́ sí, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń bèèrè. Èmi kì í bèèrè ibo ló dé. Ọwọ́ ta ló wà ni tèmi, nítorí ẹrù kì í dá rìn. Tí a bá mọ ẹni tó gbà á kẹ́yìn, tí onítọ̀hún kò sì lè sẹ́ pé òun gbà á, a ó rí i. Tí a kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa tẹ fóònù lọ, kò sí ohun tí fóònù fẹ́ sọ fún yín.

Ìjàgbó, ní ẹ̀bá Ọ̀fà, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo máa ń gba ẹrù tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ láti Èkó, Ìbàdàn, Kánò tàbí Àbújá lọ́wọ́ awakọ̀ ní gáráàjì, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo máa ń pe ẹni tó ni ín, mo sì máa ń fà á lé e lọ́wọ́. Wébíìlì ni gbogbo ènìyàn ń pè é báyìí. Dádì Wébíìlì ni àwọn ọmọ pólì ń pè mí. Àwọn ìyálọ́jà ní tiwọn, Bàbá Ẹlẹ́rù. Iṣẹ́ náà ti wà kí orúkọ yìí tó dé. Lẹ́tà la fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi wọ̀ ọ́. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Oníṣòwò tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Ọwọ́dé ní Ọ̀fà ni wọ́n, nígbà tó sì jẹ́ pé wọ́n ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́, àwọn ará ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn yà ní pósí ọ́fíìsì. Gbogbo ohun tó bá ń bọ̀ ní Ìjàgbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan Ọ̀fà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àpòòwé fi máa ń gbé "Ijagbo via Offa" kiri. Reluwé ló sọ Ọ̀fà di ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọdún 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo, ó dé Ìlọrin ní 1908, Ọ̀fà sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tó di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó kó sì sọ̀ ní Kánò. Àpò lẹ́tà ń bá èrò rìn, wọ́n á ti dì í lẹ́nu, wọ́n á sì ti fi èdìdì tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ènìyàn wa kò jókòó sílé nígbà náà. Wọ́n wà ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n wà ní Kánò, àwọn ará agbègbè Ọ̀fà tó wà ní Gánà kì í sì í ṣe kékeré. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ fún mi pé àwọn kan ti sọ ẹrù kalẹ̀ nílé, tí lẹ́tà tí wọ́n fi kéde pé àwọn ń bọ̀ ṣì wà lọ́nà. Ẹni tó kọ ọ́ ló wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ayé àtijọ́ dára, pé lẹ́tà kì í pẹ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ń pẹ́. Ó ń pẹ́ gan-an ni.

Ohun tí ayé àtijọ́ fi dára ju tòní lọ ni ìfọwọ́sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti lẹ́tà rẹ́jísítà. Tí ẹ bá ní owó tàbí ìwé pàtàkì láti fi ránṣẹ́, wọ́n á lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn tí wọ́n kọ R sí, pẹ̀lú orúkọ ọ́fíìsì àti nọ́ńbà. Wọ́n á tún fa ìlà aláwọ̀ búlúù gba iwájú àpòòwé náà kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbé e mọ̀ pé ó ní olùṣọ́. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín á fún yín ní rìsíìtì. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ á fọwọ́ sí i fún òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí tí onílẹ́tà yóò fi fọwọ́ síwèé ní kàǹtá. Tí ó bá sọnù, àwọn ọ̀gá á tẹ̀lé ìfọwọ́sí náà láti ọ̀kan dé èkejì, ibi tí ó bá ti já ni wọn yóò ti dá ènìyàn dúró. Kò yára. Àmọ́ kò sí ìṣẹ́jú kan tí lẹ́tà náà kò ní alágbàtọ́.

Iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ti wà ní Èkó láti 1852. Ẹ̀ka P and T ló ń ṣe lẹ́tà àti tẹlifóònù papọ̀ nígbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ yìí, kí wọ́n tó pín in ní 1985: NITEL kó tẹlifóònù, NIPOST kó lẹ́tà. Lójú tèmi, ìdí ibi tí owó wà ni tẹlifóònù bá lọ, ìdí ibi tí wàhálà wà ni lẹ́tà jókòó sí. Nígbà tó yá, GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ta ló tún fẹ́ kọ lẹ́tà pé "mo lérò pé ara yín le" nígbà tó lè pè?

Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí nígbà náà. Lẹ́tà kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù kan náà tó pa á ló bí wébíìlì. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá fún awakọ̀ lẹ́rù ní Èkó, ta ni yóò sọ fún ẹni tó wà ní Ìjàgbó pé kó jáde wá dúró? Fóònù yanjú ìyẹn lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní 2012, àwọn ọmọ Federal Polytechnic Ọ̀fà, tó ti wà láti 1992, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra bàtà àti fóònù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ tí wọ́n ti ń yan ìlú lórí ọ̀pọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀, Ìlọrin lẹ ó rí, bóyá Ọ̀fà. Ìjàgbó kò sí níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ni wá, ẹnu ọ̀nà Ọ̀fà la ń gbà wọlé, kọ̀ǹpútà kò sì mọ ibi tí yóò fi wá sí. Ó di ọwọ́ èmi.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni tó fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ á gbé e lọ sí gáráàjì ní Ọjọ́ta tàbí Òṣòdì, á bá awakọ̀ tó kàn láti gbéra dúnàá dúrà. Awakọ̀ á ti ẹrù sí abẹ́ ìjókòó tàbí sínú búùtù. Ẹlẹ́rù á ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, á fi í ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù awakọ̀. Láti ìgbà náà, awakọ̀ yẹn ni ilé ìfìwéránṣẹ́ yín. Tí bátìrì rẹ̀ bá kú ní Ògèrè, kí kálukú máa gbàdúrà nìyẹn.

Ibi tí ẹrù ti ń sọnù jù lọ kì í ṣe ọwọ́ olè. Nígbà tí awakọ̀ bá ń ta èrò ni. Tí ọkọ̀ bá dé Òṣogbo, tó sì ku èrò méjì péré tó ń lọ Ọ̀fà, awakọ̀ á wò ó pé epo òun kò ní padà. Á ta àwọn èrò náà fún awakọ̀ mìíràn, á fún un lówó díẹ̀, á sì yíjú padà sí Èkó. Èrò ní ẹnu, á pariwo, á gbé báàgì rẹ̀. Ẹrù tó wà lábẹ́ ìjókòó kò lẹ́nu. Ó padà sí Èkó, tàbí kí ó bá ọkọ̀ kejì lọ láìsí ẹni tó mọ orúkọ awakọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá awakọ̀ sọ ọ́ kí ó tó kúrò ní páàkì: tí o bá máa ta èrò, pè mí kí o tó tà wọ́n, kí o sì fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó rà wọ́n. Àwọn tó mọ̀ mí ń ṣe é.

Òfin mìíràn tí mo ní ni pé ẹrù tó bá ń ti Ìjàgbó jáde, kí wọ́n tú u lójú mi. Awakọ̀ tí wọ́n bá dá dúró lójú ọ̀nà ni yóò dáhùn fún ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú, kì í ṣe ẹni tó dì í. (Epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ kò le, mo ti kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹni tí epo bá ba léèsì rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ ìnáwó kò ní gbọ́ àlàyé.)

Ní ti nọ́ńbà ìtọpasẹ̀ tí àwọn ará òkè òkun ń fi ránṣẹ́ sí wa, ó yẹ kí àwọn ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé, UPU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1874, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1961, ló ṣètò rẹ̀: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè tó ti wá. GB ni Bìrìtìkó, NG ni àwa. Tí ó bá fi E bẹ̀rẹ̀, EMS, ìyẹn ìfìwéránṣẹ́ kíákíá, ni. C ni páálí ẹrù. R ni rẹ́jísítà, R kan náà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ̀. Tí ó bá fi U bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi dátà yín ṣòfò, nítorí wọn kì í tọ ipasẹ̀ irú rẹ̀. Nítorí àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n ṣe lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn.

Nọ́ńbà kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ni mo fi ń mú àwọn oníjìbìtì. Nọ́ńbà mẹ́jọ tó ṣáájú ló bí i. Ẹ sọ wọn di púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 8, 6, 4, 2, 3, 5, 9 àti 7, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 11 pín in, kí ẹ wá yọ ohun tó ṣẹ́kù kúrò nínú 11. Bí àpẹẹrẹ, 47312482: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200, tí a bá fi 11 pín in, ó ku 2, nítorí náà 9 ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. (Tí ìdáhùn bá jẹ́ 10, 0 ni ẹ ó kọ, tí ó bá jẹ́ 11, 5 ni.) Ọmọbìnrin kan mú nọ́ńbà wá, ó ní ọkùnrin tí òun pàdé lórí Facebook ti fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ku owó aṣọ́bodè. Mo ṣírò rẹ̀, kò bára mu. Mo ní, "Ọmọ mi, má san kọ́bọ̀."

Ohun tí nọ́ńbà náà kò lè ṣe ni kí ó fojú rí ẹrù yín. Ìgbà tí ẹnì kan bá fi ẹ̀rọ ka àmì onílà dúdú tó wà lára rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. UPU ní orúkọ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan: EMA nígbà tí wọ́n gbà á, EMC nígbà tó kúrò lókè òkun, EMD nígbà tó wọlé síbí, EME tí ó bá wà lọ́dọ̀ aṣọ́bodè, EMF nígbà tó jáde kúrò níbi tí wọ́n ti gbà á wọlé, EMG nígbà tó dé ọ́fíìsì tí yóò pín in, EMI nígbà tí ẹlẹ́rù gbà á. Tí ẹrù bá gba Ìkẹjà wọlé, gbogbo ọ̀nà láti ibẹ̀ dé Ọ̀fà wà láàárín EMF àti EMG. Ẹrù lè wà nínú àlàfo yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun kan náà ni fóònù yóò máa fi hàn yín láràárọ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kò bọ́ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ń retí awò ojú tí ọmọ wọn ṣe fún wọn ní Birmingham. Ilé iṣẹ́ tó gbé e, tí n kò ní dárúkọ, kọ ọ́ sórí fóònù pé wọ́n ti fà á lé wọn lọ́wọ́. Ìyá kò rí nǹkan kan. Ọmọ wọn pè mí láti ọ̀hún: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti di èébú láàárín èmi àti Màámi. Wọ́n rò pé n kò fi ránṣẹ́ ni." Mo ní kí ó bèèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn: orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ṣeré, ó tẹnu mọ́ ọn. Orúkọ oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrin ló jáde. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, onítọ̀hún já ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó mọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ pé òun ti jíṣẹ́. Awakọ̀ Ìlọrin kan ló bá mi gbé e wá.

Iye owó iṣẹ́ yìí kò dúró lójú kan. Ní 2020 tí wọ́n fòfin de ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ títí di oṣù Keje, ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ nìkan ló ń bá wa gbé oògùn. Ní 2023, lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, epo tí jálá rẹ̀ kò tó ₦200 lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí awakọ̀ tó tún fẹ́ gbọ́ iye tí à ń san tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì sára rẹ̀, kí ẹ tún kọ wọ́n sínú ìwé kan kí ẹ fi í sínú ẹrù, nítorí ìwé ara rẹ̀ a máa ya. Ẹ dárúkọ ilé ìsìn tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ilé náà. Ẹ pe fóònù awakọ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ rí i pé ó dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ẹrù náà, ẹ máa gbé ìpè tí ẹ kò mọ̀. Tí mo bá sì ti pè yín pé ó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé e; yàrá tí mo ń kó ẹrù sí kò tóbi.