Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tí Ó Jẹ Ní Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń rìn, kí ó yí bàtà rẹ̀ dé, kí ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàtà ẹlòmíràn a máa jẹ ní gìgísẹ̀, ti ẹlòmíràn a sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ òde. Ẹni tí ó ni bàtà kì í tètè mọ̀. Aránbàtà ni ó máa ń rí i. Bí ọ̀rọ̀ bàtà ti rí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti táyà rí, gẹ́gẹ́ bí ojú awakọ̀ kan ti rí i ní Ọlọ́runṣògo, ní agbègbè Ìbàdàn.

Ọkùnrin yìí ní ọkọ̀ kékeré kan tí ó fi ń gbé àwọn obìnrin àti ẹrù oko wọn lọ sí ọjà ìgboro: gàrí, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti ẹ̀fọ́ tí a ti wọ́n omi sí ní ìdájí. Nígbà tí táyà iwájú méjèèjì pá, ìyàwó rẹ̀ kó owó àjọ rẹ̀ fún un. Oṣù mẹ́wàá ni obìnrin náà ti fi ń dá owó yìí, ẹ̀rọ ìlọta ni ó sì fẹ́ fi rà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni ó ń bọ́ ilé, bí ọkọ̀ kò bá sì lọ, kí ni a ó lọ̀? Ọkùnrin náà ra táyà titun méjì, ó sì ṣèlérí pé òun yóò dá owó náà padà kí ọdún tó yí.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọ̀tún. Bí ó bá fẹ́ kí ó lọ tààrà, àfi kí ó di sítíárìn mú ní wíwọ́. Ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà rù. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ pátápátá. Àwọn tí ń la ọ̀nà a máa jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga ju etí rẹ̀ lọ kí omi òjò lè rí ibi ṣàn sí, nítorí náà ọkọ̀ a máa fẹ́ yà díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, òsì náà ni ọ̀nà sì ń fà wọ́n sí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọ̀tún. Ṣùgbọ́n fífà ti ọ̀nà kì í pọ̀, bí ọkọ̀ bá sì dé ilẹ̀ pẹrẹsẹ, a dáwọ́ dúró. Ti ọkọ̀ yìí kò dáwọ́ dúró níbikíbi.

Àràárọ̀ ni ó ń wo táyà rẹ̀. Ó ń dúró gangan, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ òde, ó ń rí ilà ara táyà bí ó ti jinlẹ̀ tó, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú, tí ó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, kò wá sí i lọ́kàn rí.

Ní ìdájí ọjọ́ ọjà kan, táyà kan rọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n sì rọra tì í dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà àgbàlagbà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá náà fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Àwọn wo ni ó máa ń wọ ọkọ̀ yìí?” ni ó béèrè.

“Bàbá, àwọn ará ọjà ni. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n.”

“Ìyàwó rẹ ńkọ́?”

“Òun náà ń bá wa lọ, sà. Òun ni ó pọn ọmọ lọ́hùn-ún yẹn.”

Bàbá náà mú ọwọ́ awakọ̀, ó sì fi ra ẹ̀gbẹ́ inú táyà náà. Wáyà gún un ní ìka.

Rọ́bà ti jẹ tán níbẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun sí inú táyà ti yọ síta bí egungun ìhà ẹran tí ebi pa. Nígbà tí wọ́n tú èkejì, bákan náà ni. Bí oòrùn bá mú ọ̀dà gbóná, tí ẹrù sì wúwo lẹ́yìn ọkọ̀, irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ nígbàkigbà.

Ọkùnrin náà fi ìbínú sọ pé ẹni tí ó ta táyà fún òun ti rẹ́ òun jẹ, pé àlòkù ni ó pè ní titun. Bàbá náà tọ́ka sí òǹkà mẹ́rin tí ó wà ní ara táyà. Méjì àkọ́kọ́ a máa sọ ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì ìkẹyìn a sì máa sọ ọdún. Bí a bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Táyà ti awakọ̀ yìí kò tíì pé ọdún kan. “Táyà kò ṣẹ̀ ọ́,” ni bàbá náà wí. “Ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ ni kò tò.”

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí a máa ka ara táyà bí onífá ti ń ka ojú ọpọ́n. Bí ó bá jẹ ní àárín, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ ní etí méjèèjì tí àárín rẹ̀ sì dára, afẹ́fẹ́ ti kéré jù. Bí ó bá rí gbágungbàgun, tí ibì kan kún tí ibì kan tẹ̀ wọ inú, ṣọ́ọ̀kù ti kú, táyà sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ọ̀nà dípò kí ó yí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí a lọ wo bí a ti to ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní àláìmẹ́ǹtì.

Ó yẹ kí táyà iwájú méjèèjì kọjú sí ibi kan náà bí ọkọ̀ bá ń lọ, bí akọ màlúù méjì tí a so àjàgà mọ́ lọ́rùn. Bí ọ̀kan bá ya síta díẹ̀ tí èkejì náà ya síta, kò sí èyí tí ó lè lọ síbi tí ojú rẹ̀ kọ sí, nítorí pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Yíyí ni wọn ó máa yí, wíwọ́ ni wọn ó sì máa wọ́. Kí a ṣírò rẹ̀: bí táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 600 láti iwájú dé ẹ̀yìn bá yà síta ní mìlímítà 3 péré, nínú kìlómítà kan tí ó bá rìn, a ó ti wọ́ ọ ní ìbú fún mítà 5. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 40, a ti wọ́ táyà náà lórí ọ̀dà fún mítà 200. Ta ni yóò wọ́ bàtà titun nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò ní jẹ? Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó lè gbà jẹ: bí orí táyà bá fi ara tẹ̀ sínú tàbí síta, gbogbo ẹrù ọkọ̀ a kó sí etí kan.

Kì í ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni táyà ti wà. Ní ọdún 1839 ni Charles Goodyear ti Amẹ́ríkà ṣe àwárí bí a ti ń fi imí-ọjọ́ àti iná sọ rọ́bà di ohun tí ooru kì í yọ́; iṣẹ́ yìí ni orúkọ fọkanáísà ti wá. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop fi rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ìlú Belfast. Nàìjíríà náà ṣe táyà fúnra rẹ̀ rí: Dunlop ní ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Michelin ní tirẹ̀ ní Port Harcourt. Ṣùgbọ́n ní 2007 àti 2008 ni àwọn méjèèjì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró, èyí tí a ń kó wọlé láti òkè òkun ni ó sì gba ọjà. Ìdí nìyí tí táyà méjì fi lè gbé owó àjọ oṣù mẹ́wàá mì.

Nígbà àtijọ́, okùn ni mẹkáníìkì ń ta láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú láti mọ èyí tí ó wọ́, àwọn kan ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wọn sì gún. Ẹ̀rọ ni ẹni tí bàbá náà júwe ní ìgboro ń lò. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì pe awakọ̀ kí ó wá wò. Ọ̀pá kan tí ó so sítíárìn mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí wọ́n ń pè ní tai-rọ́ọ̀dù, ti tẹ̀, nítorí náà ó ti kúrú ju bí ó ti yẹ lọ. Ọkùnrin náà rántí. Òjò ńlá kan ti rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó ra táyà, omi bo kòtò kan lójú ọ̀nà, ó sì sáré kó sí i. Ohun gbogbo dún gbàmù nínú ọkọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń lọ.

Ó bẹ oníṣẹ́ náà kí ó kàn bá òun tò ó bẹ́ẹ̀, pé òun yóò ra ọ̀pá ní oṣù tí ń bọ̀. Oníṣẹ́ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá to ẹsẹ̀ ọkọ̀ lórí ọ̀pá tí ó tẹ̀, ọ̀pá náà lè kán lọ́jọ́ kan, sítíárìn yóò sì di ohun ìṣeré lọ́wọ́ ẹni tí ó dì í mú. Wọ́n ra ọ̀pá, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tò ó. Owó ọ̀pá àti owó iṣẹ́ pọ̀ kò tó ìdajì iye táyà kan.

Àwìn ni ó fi ra táyà méjì mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ líle kan sí ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ní ìdájí, nígbà tí a bá ti di ẹrù tán tí àwọn obìnrin ń du àyè, òun ni ó kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ ní ẹ̀yìn, tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ inú táyà ọ̀tún, tí ó sì ń ra ti òsì, kí ó tó wọlé jókòó.