Ẹ̀kọ́ Kì í Ṣe Ẹ̀kọ: Bọ́tìnnì àti Àmì Ohùn lórí Linux

Ẹni tí ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti kọ Yorùbá kì í pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ to bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kò fi èdè yìí sọ́kàn. Ó fẹ́ tẹ ẹ̀kọ́, èyí tí à ń kọ́ nílé ìwé. Ẹ̀kọ, èyí tí à ń pọ́n sínú ewé, ni ó jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, eko lásán ni yóò rí, tí kò lórí tí kò nídìí. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ tí ó ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò lórí àmì ohùn, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àwàdà, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdánù máàkì lórí àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń juwọ́ sílẹ̀: wọ́n a yọ àmì kúrò pátápátá, wọ́n a ní òǹkàwé yóò mọ ohun tí àwọn ní lọ́kàn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìwádìí ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́. Lórí Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991, ìwádìí náà rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, nítorí pé àwọn fáìlì tí ó ń darí bọ́tìnnì wà ní gbangba. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè ṣí wọn kà, kí ó sì tún wọn ṣe. Ibi mẹ́rin ni àléébù lè fara pamọ́ sí: ètò bọ́tìnnì, ìsopọ̀ àmì mọ́ lẹ́tà, irú lẹ́tà tí ó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, àti fáìlì tí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí.

Ètò bọ́tìnnì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú àkójọ Linux, Nàìjíríà ní ètò tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ng, ó sì ní ẹ̀yà Yorùbá, Hausa àti Igbo. Níbi tí Xorg bá ti ń ṣàkóso ojú kọ̀ǹpútà, àṣẹ setxkbmap -layout ng -variant yoruba ni a fi ń pè é jáde. Setxkbmap -query yóò sì sọ èyí tí ẹ̀rọ ń lò. Ṣùgbọ́n bí a bá pa ẹ̀rọ, àṣẹ náà parẹ́ nìyẹn. Lórí Debian àti Ubuntu, inú fáìlì /etc/default/keyboard ni a ń kọ ọ́ sí kí ó lè dúró. Níbi tí Wayland bá ti rọ́pò Xorg, àṣẹ yẹn kò tó mọ́. Ibi ìṣètò kọ̀ǹpútà gan-an ni a ó ti yan Yorùbá. Ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi ɛ àti ɔ kọ Yorùbá, ètò tí ó ní lẹ́tà wọ̀nyẹn ni a gbọ́dọ̀ wá.

Ibi kejì ni ó ń rú ènìyàn lójú jù. Àwọn bọ́tìnnì kan wà tí kì í tẹ ohunkóhun fúnra wọn. Wọ́n ń dúró de lẹ́tà tí yóò tẹ̀ lé wọn. Dead key ni orúkọ wọn, láti ìgbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n sì ti wà: àmì á kọ́kọ́ jáde, bébà kò ní sún, lẹ́tà á wá bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ tẹ é, yóò jáde, nítorí pé Unicode fún un ní nọ́ńbà kan, U+00E9. Lẹ́tà ẹ náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Méjì ni í ṣe: ẹ, lẹ́yìn náà àmì òkè, U+0301. Nítorí náà, ẹ̀rọ lè wo àkójọ rẹ̀, kí ó má rí ẹ́ níbẹ̀, kí ó sì gbé lẹ́tà àti àmì mì papọ̀. Bọ́tìnnì kò bàjẹ́ rárá. Ojútùú rẹ̀ ni ètò tí ó ń tẹ àmì ohùn lẹ́yìn lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tàbí kí a kọ ìlà kan sínú fáìlì.XCompose, kí bọ́tìnnì mélòó kan tí a tẹ̀ léra wọn lè bí lẹ́tà àti àmì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igbo ń bá irú rẹ̀ yí bí a bá fi àmì ohùn lé ị àti ụ. Ti Hausa fúyẹ́ díẹ̀: ɓ, ɗ àti ƙ ní nọ́ńbà tiwọn, a kì í sì í fi àmì ohùn sí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀.

Nígbà mìíràn, a ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, síbẹ̀ àpótí òfìfo ni a rí, tàbí kí àmì yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà bí fìlà tí kò bá orí mu. Ẹ̀ṣẹ̀ irú lẹ́tà nìyẹn. Kí a yí i sí Charis SIL tàbí Gentium. Bí ọ̀rọ̀ bá gún, ọwọ́ bọ́tìnnì mọ́.

Èyí tí ó léwu jù ni èyí tí ojú kò rí. Olùkọ́ méjì lè tẹ ẹ̀kọ́, kí ó rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan lo odindi ẹ, kí èkejì lo e pẹ̀lú àmì róbótó abẹ́ lẹ́tà, U+0323. Bí a bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì wọn, grep lè rí ọ̀kan kí ó fo èkejì. Irinṣẹ́ uconv lè sọ méjèèjì di ọ̀kan, ní ìlànà tí à ń pè ní NFC. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti lo ìlà kékeré òòró, U+0329, NFC kò ní tún un ṣe, nítorí pé àmì mìíràn pátápátá ni. Ẹni tí ó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, tàbí tí ó ń kó ìtàn àwọn àgbà jọ, lè pàdánù apá kan iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá, kò sí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní àmì wá gbòde, bírò ni àwọn olùkọ́ fi ń fi àmì sí ohun tí wọ́n tẹ̀, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n ṣe wàhálà náà nítorí pé àmì ohùn jẹ́ ara ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé olùkọ́ rẹ̀ kò ní àmì kò ní gbà pé àmì ṣe pàtàkì, bí ó ti wù kí olùkọ́ náà tẹnu mọ́ ọn tó. Nítorí náà, wákàtí kan tí kíláàsì bá fi yẹ ibi mẹ́rin wọ̀nyí wò kò ṣòfò: kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ọ̀rọ̀ kan, kí ó wá a nínú fáìlì, kí ó sì rí i. Ìyẹn náà wà lára ẹ̀kọ́ èdè.